Tàkúté Kò Lójú: Ẹran Dídẹ ní Agbègbè Ìkirè àti Bí A Ṣe Lè Yẹra fún Ẹran Tí A Kò Dẹ

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, tí ó kọjá afárá Aṣéjirè níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dé Ìkirè. Ohun tí ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi mọ ìlú náà ni dòdò Ìkirè, èyí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n jù, ata àti epo pupa ṣe. Ṣùgbọ́n àwa tí a bí síbẹ̀ mọ̀ pé oko kòkó, oko obì, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oko ẹ̀gẹ́ ni ó yí Ìkirè àti Àpòmù aládùúgbò rẹ̀ ká. Ibi tí irúgbìn bá sì wà, ẹran tí ń jẹ irúgbìn kò ní í jìnnà síbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ a máa dá èso kòkó lu, òkété a máa hú ẹ̀gẹ́, a sì máa kó ẹyìn lọ sí ihò rẹ̀, ọ̀yà a máa gé àgbàdo lulẹ̀ bí ẹni fi àdá gé e. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti rí àgbẹ̀ tí kò ní tàkúté kan tàbí méjì nínú ahéré rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe bí a ṣe ń pa ẹran púpọ̀ ni mo fẹ́ kọ lé lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìyẹn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni a lè ṣe kí tàkúté má baà mú ohun tí a kò dẹ ẹ́ fún? Èmi fúnra mi fi ojú ara mi rí ohun tí ó mú kí n máa béèrè rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá mi lóko. Mo rí ìgbẹ́ ọ̀yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tóóró tí ó wà láàrin oko wa àti oko kejì. Mo gbé tàkúté onírin kan, mo gbẹ́ ilẹ̀ sí àárín ọ̀nà náà gan-an, mo dẹ ẹ́, mo fi ewé gbígbẹ bò ó. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, a gbọ́ igbe ajá. Ajá ọdẹ àgbàlagbà kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ni tàkúté mi mú, ó sì ti ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú. Bàbá náà kò bá mi wí. Wọ́n tẹ tàkúté náà, wọ́n gbé ajá wọn lé èjìká, wọ́n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi mú mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Wọ́n bi mí pé, "Ta ni o dẹ ẹ́ fún?" Mo ní ọ̀yà ni, sà. Wọ́n tún bi mí pé, "Ṣé ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà ni ọ̀yà ń gbà?" N kò rí èsì fọ̀. Nígbà náà ni wọ́n sọ gbólóhùn tí mo fi ṣe àkọlé àpilẹ̀kọ yìí: "Ọmọ mi, tàkúté kò lójú. Ẹni tí ó dẹ ẹ́ ni ojú rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, mo ń lọ sọ́dọ̀ wọn lóko. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Ìyókù, inú ìwé ni mo ti kà á.

Irinṣẹ́ Ẹran Dídẹ

Mẹ́rin ni irinṣẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní agbègbè wa. Èkíní ni ẹbìtì. Igi wíwúwo tàbí òkúta pẹlẹbẹ ni a ó fi igi tín-ín-rín gbé dúró, tí a ó sì fi ẹyìn tàbí ẹ̀gẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹran bá fọwọ́ kan oúnjẹ náà, igi tín-ín-rín yẹ̀, èyí tí ó wúwo sì wó lu ẹran mọ́lẹ̀. Èkejì ni tàkúté onírin tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ. Ó ní ẹnu méjì tí ó ń pa dé, ó sì ní pẹpẹ kékeré láàrin tí ẹsẹ̀ ẹran yóò tẹ̀. Ẹ̀kẹta ni okùn tàbí wáyà tí a ta ní ojóbó, tí a so mọ́ igi tútù tí a tẹ̀ kọdọrọ. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀fìn, èyí tí í ṣe kòtò tí a gbẹ́ tí a sì fi igi àti ewé bò lójú.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí èdè tí àwọn baba wa ń lò. Dídẹ ni a ń dẹ tàkúté, ara ọ̀rọ̀ ìṣe *dẹ* yìí náà ni *ọdẹ* àti *ìdẹ* ti jáde. Nígbà tí ó bá ṣiṣẹ́, a kì í sọ pé ó yàn tàbí pé ó rí. A ó ní ó ré. Ohun tí ó bá kàn án ni ó ń ré fún. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ nìkan ni tàkúté onírin mọ̀, ìwọ̀n orí tàbí ẹsẹ̀ nìkan ni ojóbó mọ̀, ọ̀fìn kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan. Òwe wa ní bí ẹbìtì kò bá pa eku, ó yẹ kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. A mọ bí a ṣe ń gba ẹyìn padà lọ́wọ́ ẹbìtì tí kò pa nǹkan. Ẹbìtì tí ó pa ohun tí kì í ṣe tiwa ńkọ́? Kò sí ohun tí a lè gbà padà níbẹ̀.

Ẹran Tí A Kò Dẹ

Tí a bá wò ó fínnífínní, ọ̀nà márùn-ún ni a lè pín ohun tí kò yẹ kí tàkúté mú sí.

Èkíní ni ohun ọ̀sìn àti ènìyàn fúnra rẹ̀: ajá, ewúrẹ́, àgùntàn, ọmọdé tí a rán lọ pọn omi, obìnrin tí ń ṣẹ́ igi. Ọ̀fìn àti tàkúté ńlá kò mọ ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn yàtọ̀ sí ti ẹran.

Èkejì ni abo tí ó lóyún tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú. Bí a bá pa ìyá, àwọn ọmọ tí ó wà nínú ihò yóò kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jẹ wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni ẹran tí iye rẹ̀ ti dín kù. Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ ni akika, ẹran abìpẹ́ tí í máa ká ara rẹ̀ kò bí bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Ẹ jẹ́ kí a fi bí wọ́n ṣe ń bímọ wé ara wọn. Òkété a máa gbé oyún fún bí oṣù kan, ó sì lè bí ju ẹyọ kan lọ. Oyún ọ̀yà a máa tó oṣù márùn-ún, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń bí bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Oyún akika náà tó nǹkan bí oṣù márùn-ún, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì ń bí, tí yóò máa gbé e kiri lórí ìdí ìrù rẹ̀. Òkété kan tí a pa lónìí, ilẹ̀ yóò tètè rọ́pò rẹ̀. Akika kan tí a pa, ó lè pẹ́ kí a tó rí òmíràn nínú igbó náà.

Ẹ̀kẹrin ni ẹran tí ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ láìgba owó. Lóòótọ́ ni ẹtà ń jí adìyẹ, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹtà ń jẹ eku, ó ń jẹ kòkòrò, ó sì ń jẹ èso igi tí yóò fi ìgbẹ́ gbé hóró rẹ̀ lọ gbìn sí ibòmíràn. Igún náà ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́ kí ó tó dá àrùn sílẹ̀. Kì í ṣe lásán ni àwọn baba wa fi kà á léèwọ̀ láti pa á.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹran tí ó lè fi àrùn ran ẹni tí ó dẹ tàkúté. Ní ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Borno. Eku kékeré kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ní ń gbé kòkòrò àrùn náà kiri, ó sì wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó léwu. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ lásán yọ irú eku bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹbìtì, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ní egbò, ti fi ara rẹ̀ sínú ewu.

Bí A Ṣe Ń Fún Tàkúté ní Ojú

Ọ̀nà tí a ó fi yẹra fún àwọn wọ̀nyí kò ṣòro, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ sùúrù. Bí a bá fẹ́ mú ọ̀bọ, à á ṣe bí ọ̀bọ.

(1) Ká mọ ẹran kí a tó dẹ ẹ́. Ọ̀yà a máa gé koríko ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, yóò sì la ojú ọ̀nà tóóró bí ihò sí abẹ́ koríko. Inú ihò koríko yìí ni a ń dẹ ẹ́ sí, kì í ṣe ojú ọ̀nà tí ènìyàn àti ajá ń tọ̀. Ẹnu ihò òkété ni a ń bá òkété. Bí a kò bá rí ipa ẹsẹ̀, ìgbẹ́ tàbí ibi tí ẹran ti jẹun, ká má dẹ nǹkan kan síbẹ̀. Ojóbó tí a kàn ta sí ojú ọ̀nà ẹran láìmọ ẹni tí ń gba ibẹ̀ ni ó lè pa akika, nítorí pé èèrà àti ikán nìkan ni akika ń jẹ. Ẹyìn àti ẹ̀gẹ́ kò lè fà á wá sídìí tàkúté.

(2) Ká yan oúnjẹ tí a ó fi dẹ ẹ́. Ẹyìn, ẹ̀gẹ́ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tó fún òkété. Bí a bá fi ẹran tàbí ẹja sí i, ajá, ológbò, ẹtà àti igún ni a ń pè. Ohunkóhun tí a bá lò, ká fi ewé bò ó lókè kí ẹyẹ tí ń fò má baà rí i.

(3) Ká díwọ̀n. Bàbá tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn a máa fi ìkúùkù ara wọn wọn ojóbó, wọn a sì ta kókó kan sára okùn kí ó má baà lè fún kọjá ibi tí wọ́n fẹ́. Bí ẹsẹ̀ ajá tàbí ti ewúrẹ́ bá há síbẹ̀, kò ní í gé e lẹ́sẹ̀ kí olówó rẹ̀ tó dé. Ní ti tàkúté onírin, a lè fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ewé líle sí abẹ́ pẹpẹ rẹ̀, kí ó má baà ré fún ẹyẹ tàbí eku wẹ́wẹ́ tí ó fúyẹ́.

(4) Ká ṣe ọgbà yí i ká. A lè gbá igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ tàkúté yíká, kí a fi àyè kékeré kan sílẹ̀ tí òkété lè gbà wọlé ṣùgbọ́n tí orí ajá kò lè gbà. Inú igi oníhò dára fún irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú.

(5) Ká mọ àkókò. Òru ni òkété ń jáde, òru sì ni ọ̀yà ń rìn jù. Ọ̀sán ni ewúrẹ́, ọmọdé àti àgbẹ̀ ń rìn. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni ká dẹ tàkúté, ká bẹ̀ ẹ́ wò ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ká sì tú u sílẹ̀ títí ìrọ̀lẹ́ mìíràn. Ìyà ẹran tí ó há yóò kúrú, èyí tí a kò fẹ́ yóò sì lè wà láàyè tí a ó fi tú u sílẹ̀. Bí mo bá ti ṣe èyí nìkan ní ọjọ́ tí mo wí yẹn, ajá náà ì bá má ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, nítorí pé ọ̀sán gangan ni ó kó sí i.

(6) Ká sọ, ká sì ṣe àmì. Ká sọ fún gbogbo ẹni tí oko wọn bá tiwa pààlà. Ká so màrìwò tàbí ewé sí ara igi tí ó wà nítòsí, ká sì ka iye tàkúté tí a dẹ, kí a lè mọ̀ bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù nínú igbó. Bí a bá ń lọ sí ìrìn-àjò, ká kó gbogbo rẹ̀ wálé. Wáyà tí a gbàgbé kò mọ̀ pé ọdún ti yí po; yóò ṣì máa pa ẹran tí ẹnikẹ́ni kò ní í jẹ.

(7) Ká mọ bí a ṣe ń tú ẹran sílẹ̀. Ká fi aṣọ bo ẹran náà lójú, ara rẹ̀ yóò balẹ̀ díẹ̀. Ká fi igi oníga méjì tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ó má baà gé wa jẹ, kí a tó tẹ irin tàkúté. Eku kékeré tí ó ti kú, ká má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ewé tàbí ọ̀rá ni ká fi mú un, ká sin ín, ká sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ẹ̀kọ́ láti Ilẹ̀ Òkèèrè

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Ẹranko kan wà ní Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní fisher. Orúkọ rẹ̀ dà bí ẹni pé apẹja ni, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja. Ara rẹ̀ gùn, irun rẹ̀ ṣú, ó mọ igi gùn, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹranko díẹ̀ tí ó mọ bí a ṣe ń pa òòrẹ̀. Nítorí awọ rẹ̀ tí ó níye lórí, àwọn adẹ̀mú pa á títí tí ó fi tán ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọ̀rúndún ogún tó dé ìdajì, pàápàá bí a ti ń gé igbó tí ó ń gbé. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Òòrẹ̀ gbilẹ̀, wọ́n sì ń bó èèpo igi nínú igbó. Ní ìpínlẹ̀ Vermont, láti ọdún 1959 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó fisher wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, tí wọ́n ń tú wọn sínú igbó, kí wọ́n lè bá wọn dín òòrẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá ń pa gbogbo ẹtà tí ó rí lóko kòkó, kí ó ronú lórí ìtàn yìí.

Ní ibi tí òfin ti gbà kí a máa dẹ fisher títí di òní, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ wọn kì í dẹ ẹ́ sí ilẹ̀ lásán. Wọn a fi igi gígùn kan ti ara igi ńlá ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, wọn a sì gbé tàkúté sí òkè, níbi tí fisher lè gùn dé ṣùgbọ́n tí ajá kò lè dé. Àwọn mìíràn a máa gbé e sínú àpótí tí ẹnu rẹ̀ kéré. Ẹ rí i pé ọgbọ́n ọgbà onígi tí mo ṣàlàyé lókè náà nìyí.

Òfin náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1958 ni tàkúté onírin eléyín ti di èèwọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1985, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe òfin kọkànlá ọdún náà lórí òwò ẹranko tí ó fẹ́ parun, lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè wa ti wọ inú àdéhùn àgbáyé lórí irú òwò bẹ́ẹ̀ ní 1974. Ní ọdún 2016, ní ìpàdé tí a ṣe ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò pé kí a fi gbogbo ẹ̀yà akika mẹ́jọ tí ó wà láyé sí ìpele tí ó le jù lọ nínú àdéhùn náà, tí òwò wọn láti ilẹ̀ kan sí èkejì fi di èèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í sùn sóko. Ọwọ́ ẹni tí ó ń ta ojóbó ní ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìmọ̀ ẹran dídẹ kò pin síbi kí tàkúté mú ẹran. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni ẹni tí ó lè sọ, kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí tàkúté òun kò ní í mú. Ìmọ̀ yìí wà lọ́wọ́ àwọn àgbà wa ní Ìkirè, ní Àpòmù àti ní abúlé gbogbo tí ó yí wọn ká. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò tíì wọ inú ìwé, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sì ń dàgbà. Mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá pé kí ẹ lọ jókòó tì wọ́n. Ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀ka irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbé e síhìn-ín dípò ọ̀hún, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wa.

Ní ti ajá náà, ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó fi rìn títí ó fi kú, kò sì lè tẹ̀lé olówó rẹ̀ lọ sí igbó ọdẹ mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ bàbá yẹn, ẹnu ọ̀nà ahéré ni mo ń bá a tí ó dùbúlẹ̀ sí. Bí ó bá ti rí mi, yóò dìde, yóò sì lọ sí ẹ̀yìn ilé.